Òṣùwọ̀n Wo Ni A Ó Fi Wọn Ọrọ̀-Ajé Ìgbèríko? Lámèyítọ́ Kan, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ìtàjí àti Àríwá Èkìtì

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣe lámèyítọ́ àwọn ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ń gbà wọn ipa tí iṣẹ́ àti ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ ń kó nínú ìgbé-ayé ìgbèríko. Ìtàjí-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ni a ó fi ṣe ibùdó, a ó sì máa yà sí àwọn ìlú mìíràn ní àríwá Èkìtì, bí Ìṣàn, Ìrè, Ìkọ̀lé àti agbègbè Ìdó.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka ìmọ̀ èdè nínú ọ̀rọ̀ ìṣirò. Èsì wa ni pé kò sí ìṣirò kan nípa ènìyàn tí kò ti inú ìbéèrè wá, èdè ni a sì fi ń béèrè. Bí ìbéèrè bá wọ́, ìṣirò tí ó ti inú rẹ̀ jáde kò lè tọ́, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ tí a fi rò ó péye tó.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé àwọn òṣùwọ̀n tí ó wà nílẹ̀ ń ka iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn kì í tọ owó lẹ́yìn dé ibi tí ó sùn. Ní ẹkùn tí owó oko ti di ilé-ìwé, tí ilé-ìwé sì ti di ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ ibòmíràn, àbùkù ńlá ni èyí.

2. Òṣùwọ̀n mẹ́ta

Ọ̀nà mẹ́ta ni a máa ń bá pàdé jù nínú ìwé. Èkínní ni ìdá ìfiwéra. Olùwádìí yóò wo ìpín àwọn òṣìṣẹ́ ẹkùn tí ó wà nídìí iṣẹ́ kan, yóò sì fi wé ìpín ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ká ní, fún àpẹẹrẹ lásán, àgbẹ̀ jẹ́ 70 nínú 100 òṣìṣẹ́ ní ìlú kan, tí wọ́n sì jẹ́ 35 nínú 100 ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ìdá ìlú náà di 2. Bí ìdá bá ti ju 1 lọ, wọn a ní iṣẹ́ yẹn ni ìlú náà gbójú lé.

Èkejì ni tíọ́rì iṣẹ́ ìpìlẹ̀, tí Homer Hoyt lò ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1930. Gẹ́gẹ́ bí tíọ́rì yìí ti wí, iṣẹ́ tí ń tajà síta tí ó sì ń mú owó wọlé ni ìpìlẹ̀ ìlú; aránṣọ, onígbàjámọ̀ àti olóúnjẹ tí ń tà fún ará ilé kàn ń pín owó náà káàkiri ni. Ẹ̀kẹta ni tábìlì Wassily Leontief, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973. Tábìlì náà ń fi hàn bí ohun tí iṣẹ́ kan pèsè ṣe ń di èlò fún iṣẹ́ mìíràn.

A kò ní kóyán àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kéré. Èkínní àti èkejì rọrùn, owó kékeré ni a lè fi ṣe wọ́n, wọ́n sì jẹ́ kí a lè fi ìlú kan wé òmíràn. Ìlú tí kò ní ìṣirò lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè wọ etí ìjọba. Ṣùgbọ́n nínú bí wọ́n ti sábà máa ń lò wọ́n, ohun mẹ́ta kan wà tí wọ́n gbà láìjiyàn: pé iṣẹ́ kan ni ènìyàn kan ń ṣe, pé ibi tí iṣẹ́ wà ni èrè rẹ̀ wà, àti pé iṣẹ́ tí kò ní owó oṣù tàbí pátákó lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe iṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a ó gbé dé àríwá Èkìtì wò.

3. “Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo akọ̀wé tí ó wọ agbo ilé kan ní Ìtàjí, tí ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan, tí ó sì wí pé, “Ìyá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?” Bí ìyá bá ní, “Oko ni, ọmọ mi,” akọ̀wé yóò kọ àgbẹ̀. Bí ó bá ní òwò ni, yóò kọ oníṣòwò. Àyè ẹyọ kan péré ni ó wà nínú ìwé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyá kan náà ni ó ń ra ẹ̀gẹ́ nínú ebè, tí ó ń wá ẹni tí yóò wú u, tí ó ń bó o, tí ó ń gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, tí ó ń yan gàrí, tí ó sì ń rù ú lọ sí ọjà ọrọọrún. Àgbẹ̀ ni, aláṣe gàrí ni, oníṣòwò ni. Ọkọ rẹ̀ pàápàá lè ní oko iṣu àti kòkó díẹ̀, kí ó sì máa bá wọn mọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù báyìí lọ. Nínú èdè wa, iṣẹ́ yàtọ̀ sí òwò, òwò sì yàtọ̀ sí ìrànlọ́wọ́. Ìyàwó tí ó lọ fọ́ kòkó tí ó sì sá a lóko ọkọ rẹ̀ lè sọ pé òun lọ ran ọkọ òun lọ́wọ́ ni. Kò ní ka èyí sí iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn tí ó ń dá àáró, tàbí tí wọ́n jẹ́ ìpè ọ̀wẹ̀, kò gba owó, nítorí náà orúkọ wọn kò sí nínú àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́. Ẹni tí ó túmọ̀ ìbéèrè òyìnbó sí Yorùbá láìro èyí ti dín ìdajì iṣẹ́ ìlú kù kí ó tó ṣí ìwé rẹ̀.

4. Amọ̀ kan, iṣẹ́ méjì

Ohun àmúṣọrọ̀ kan wà ní agbègbè yìí tí ó lè là wá lọ́yẹ̀: amọ̀. Ní Ìṣàn-Èkìtì, àwọn obìnrin ni ó ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò, ìṣaasùn àti àmù, tí wọ́n ń fi igi sun ún. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ ọ. Ní Ìrè-Èkìtì, ìlú tí gbogbo wa mọ̀ mọ Ògún Onírè, ilé-iṣẹ́ bíríkì sísun ni wọ́n kọ́ sórí irú ohun àmúṣọrọ̀ yìí.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ìrè ń ṣiṣẹ́, ó ní òṣìṣẹ́ tí a lè kà, ó sì ní ìwé owó oṣù. Nígbà tí ó ṣíwọ́, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òṣùwọ̀n yóò sọ pé amọ̀ kò mú nǹkan kan wọlé mọ́. Ti Ìṣàn kò bọ́ sínú òṣùwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò ní pátákó. Ẹni tí ó bá ka ìṣirò nìkan yóò rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó kọ́kọ́ sọ amọ̀ di owó ní ẹkùn náà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn obìnrin ti ń sọ amọ̀ di owó kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan bíríkì.

5. Ibi tí owó kòkó sùn

Ìwé pàtàkì kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Nigerian Cocoa Farmers, tí Galletti, Baldwin àti Dina kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní 1956 fún ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó. Ohun tí a yìn nínú rẹ̀ ni pé ẹbí ni ó mú, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ka owó tí ó ti ibòmíràn wọlé mọ́ ti kòkó. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú olùrà kòkó ni ó fi wo ẹbí: kòkó ni àárín, ohun yòókù wà létí.

Àríwá Èkìtì súnmọ́ ọ̀dàn. Ilẹ̀ rẹ̀ kò gba kòkó tó igbó Oǹdó àti Ifẹ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì kó lọ síbẹ̀ láti dá oko, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Sara Berry kọ nípa irú ìṣílọ yìí nínú ìwé rẹ̀ ti 1975. Kòkó tí wọ́n gbìn ń bọ́ sínú ìṣirò Oǹdó tàbí Ifẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ń padà wá kọ́lé, ó sì ń san owó ilé-ìwé ní Èkìtì. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1985, Berry fi hàn pé lórí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ àwọn ọmọ ni àgbẹ̀ kòkó ná púpọ̀ nínú èrè rẹ̀ lé, tí àwọn ọmọ náà sì fi oko sílẹ̀. Ibi tí a gbà pé Berry ta Galletti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ nìyí: ó tọ owó lẹ́yìn.

Owó kan náà tún gba ọ̀nà mìíràn lọ. Láti 1947 títí di 1986 tí ìjọba fòpin sí wọn, ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà, ó sì dá èrè ńlá dúró lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé ìgbèríko ni owó náà ti kúrò. Ibi tí ó dé, Ìbàdàn ni ó ti ń pàṣẹ.

Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní ọgbà mìíràn ní Ìkọ̀lé. Gẹ́gẹ́ bí tíọ́rì Hoyt, yunifásítì yìí gan-an jẹ́ iṣẹ́ ìpìlẹ̀, nítorí owó ìta ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń háyà yàrá tí ó sì fi ń ra oúnjẹ. Ẹkùn tí ó ti ń rán ọmọ síta lọ kàwé wá di ibi tí ọmọ ẹlòmíràn ń wá. Èyí fi hàn pé tíọ́rì náà wúlò, bí a bá mọ ibi tí ó yẹ kí a wò.

6. Kí ni ó wà nínú rẹ̀ fún ìlú?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àríyànjiyàn ọ̀mọ̀wé lásán ni èyí. Láti 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àwọn ibùdó oko sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn wà ní Ọ̀rìn-Èkìtì, lẹ́bàá Ìdó. Wọ́n wo Ísírẹ́lì ṣe é, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé-ìwé padà sí oko. Owó ńlá bá a lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì fi àwọn ibùdó náà sílẹ̀. Ìṣirò ti sọ pé àgbẹ̀ ni ẹkùn náà. Kò sọ pé nítorí kí ọmọ má baà di àgbẹ̀ ni baba ṣe rán an ní ilé-ìwé.

Ẹ tún wo 2014, nígbà tí Nàìjíríà yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti 1990 sí 2010. Iye ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi borí ti Gúúsù Áfíríkà. Àgbẹ̀ Ìtàjí kò tìtorí èyí kọ ebè kan lé tirẹ̀. Òṣùwọ̀n ni ó yí padà. Bí òṣùwọ̀n bá lè sọ wá di ọlọ́rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó lè sọ ìlú kan di òtòṣì bẹ́ẹ̀ náà. Orí ìṣirò sì ni wọ́n ti ń pín owó ìjọba. Dina tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó yẹ ọ̀nà ìpín owó orílẹ̀-èdè wò ní 1968.

7. Ìkádìí

A kò sọ pé kí a da ìṣirò nù. Ohun tí a ń sọ ni pé kí olùwádìí tí ó bá dé Ìtàjí fi ìbéèrè mẹ́ta rọ́pò ẹyọ kan tí ó mú wá. Dípò “Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”, kí ó béèrè pé: Kí lẹ ṣe láàárín ọjà méjì? Ta ni ó bá yín ṣe é, kí lẹ sì fún un? Owó tí ó wọlé, ibo ni ó gbà lọ? Ìbéèrè kẹta ni yóò mú un dé oko tí ó wà lẹ́bàá Oǹdó, àti ọ̀dọ̀ ọmọ tí ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó.

Iṣẹ́ wa ní ẹ̀ka yìí ni láti bá wọn wá ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà yóò gbọ́ tí kò fi ní fo iṣẹ́ ara rẹ̀ dá. Bí a kò bá ṣe é, ẹlòmíràn yóò túmọ̀ ìbéèrè náà bí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìdáhùn tí ó bá sì rí gbà ni wọn yóò fi ṣe ètò fún ìlú náà.