Gbọ̀ngàn Màpó: Òpó àti Òkè

Ẹni tó bá ka Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn mọ́ ilé Gọ́tíìkì ti ṣì í pè. Kò ní fèrèsé olórí ṣóńṣó bíi ti Kátídírà Marina ní Èkó; òpó ràbàtà irú ti tẹ́ńpìlì Gíríìkì ìgbàanì ni Taffy Jones, ẹnjiníà Òyìnbó, fi ṣe iwájú rẹ̀ láàárín 1925 sí 1929.

Ṣùgbọ́n àríwísí tó bá dúró sórí òpó nìkan kò kúnjú òṣùwọ̀n. Kí gbọ̀ngàn yìí tó dé, Ìbàdàn kò ní ààfin kan pàtó: agboolé ẹni tó bá jẹ Baálẹ̀ ni ìjọba ń gbé, bó bá sì kú, ìjọba a ṣí lọ sí agboolé ẹlòmíràn. Màpó fún àṣẹ ìlú ní ibùdó tí kì í bá olóyè kú. Òkè ló sì ṣe iṣẹ́ náà, ju òpó lọ. Láti ìsàlẹ̀, láàárín òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ojú kò lè ṣàì gbé e. Bóyá ohun tí ìjọba Òyìnbó fẹ́ nìyẹn. Síbẹ̀, orí òkè yẹn kan náà ni ayẹyẹ ìfijoyè Olúbàdàn Rashidi Ladoja ti wáyé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, 2025.