ÌTAKORA NÍNÚ AMỌ̀: ÀYẸ̀WÒ ÌBẸ̀RẸ̀ IṢẸ́ ỌNÀ LADI KWALI

Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń dáwọ́ lé iṣẹ́ ọnà, ohun tí a sábà máa ń ní kí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ó to àwọn kókó tí ó ta kora ní méjì-méjì: àtijọ́ àti òde-òní, ilé àti oko, ìyè àti ikú. Lẹ́yìn èyí, a ó ní kí ó wá bí yóò ṣe parí ìjà láàrin wọn. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìgbésẹ̀ kejì yìí kì í fi gbogbo ìgbà bá iṣẹ́ ọnà mu. Ìkòkò Ladi Kwali ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Minna níbí ni obìnrin amọ̀kòkò yìí, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, kú sí ní ọdún 1984. Ọmọ Gbagyi láti Kwali ni. Bí ó ti kọ́ iṣẹ́ nílé, kò lo ẹ̀rọ tí ń yí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yí amọ̀ náà po bí ó ti ń mọ ọ́n. Kí amọ̀ tó gbẹ ni ó ti ń fín alángbá, àkekèé, ejò àti ẹja sí i lára. Gbangba ìta ni a ti ń sun irú ìkòkò bẹ́ẹ̀.

Ní 1954, ó dara pọ̀ mọ́ ibùdó ìkọ́ṣẹ́ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Àbújá ìgbà náà, ìyẹn Suleja òde-òní. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ ni ó ṣì fi ń mọ àwọn ìkòkò ńlá rẹ̀, ṣùgbọ́n a wá ń fi ìbòra tí ń dán bíi gíláàsì kùn wọ́n, a sì ń sun wọ́n nínú ààrò tí ooru rẹ̀ sún mọ́ 1,300 ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ rí níbí ni ìgbéyàwó àtijọ́ àti òde-òní. Kò yani lẹ́nu. Láti 1958 tí Uche Okeke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọnà sílẹ̀ ní Zaria ni èrò pé kí á pa ti ilé pọ̀ mọ́ ti òkèèrè ti ń gbilẹ̀. Lójú tiwa, lámèyítọ́ ni ó ni ìtakora yẹn. Amọ̀ kọ́ ni ó ni ín.

Ti omi ni ìtakora tí ó wà nínú amọ̀. Kò sí ẹni tí ó dàgbà nídìí àmù tí kò mọ̀ pé àmù a máa làágùn. Omi ń gba ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ gbẹ. Ìdí nìyí tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù. Ìkòkò tí a fi ìbòra dídán bò, tí a sì sun jinná, kì í làágùn. Ó le, ó ń pẹ́ láyé, ó yẹ gbọ̀ngàn àfihàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àmù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkòkò kan ṣoṣo kò lè ṣe méjèèjì. Yíyàn ni èyí, kì í ṣe ìlàjà. Ìbẹ̀rẹ̀ ni a sì ti ń yàn, nítorí pé amọ̀ tí yóò fara da irú ooru bẹ́ẹ̀ ti ní láti yàtọ̀ láti ìgbà tí a ti ń pò ó.

Ẹnìkan lè sọ pé ibùdó náà ni ó yàn, kì í ṣe òun. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Síbẹ̀, ìrísí ìkòkò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì yí i padà. Ikùn àti ọrùn ìkòkò náà ṣì ń pe omi. Ara rẹ̀ ni ó kọ iṣẹ́ omi. Àríyànjiyàn tí kò parí yìí ni ó mú kí iṣẹ́ náà wọni lára.

Ní ìkádìí, àwọn àgbà ní tibi tire la dá ilé ayé. Wọn kò sọ pé tibi àti tire ti parí ìjà. Nígbà náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá to kókó rẹ̀ ní méjì-méjì, kí á má kàn án nípá fún un láti là wọ́n níjà. Kí á kọ́ ọ láti béèrè pé: bí mo bá mú èyí, kí ni yóò bọ́ lọ́wọ́ mi?