Ojú Obìnrin Nínú Ìtàn Tutuola

Gbogbo wa la mọ àlọ́ ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkùnrin tí bàbá ẹ̀ mú wá, tó wá lọ tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin kan kúrò lọ́jà. Nínú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola kọ, tó jáde ní 1952, ńṣe ni arẹwà yìí háyà ara ẹ̀. Bó ṣe ń lọ lọ́nà ló ń dá ẹsẹ̀, ikùn àti ọwọ́ padà fún àwọn tó ni wọ́n, tó ń sanwó háyà, títí tó fi ku agbárí nìkan. (Àwa tá a ń ṣe áàpù tó ń tún fọ́tò ojú ṣe, a mọ òwò yẹn dáadáa.)

Ohun tí wọ́n máa ń fi ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ojú obìnrin náà ló kó o sí wàhálà. A ò gbà. Ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà gan-an rí arẹwà yìí, ó sì sunkún pé Ọlọ́run ò dá òun bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ ní tóun bá jẹ́ obìnrin, òun náà á tẹ̀lé e. Ta ló bá a wí? Nígbà tó gba ọmọ náà sílẹ̀ tó sì wò ó sàn, bàbá ẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu 50 fún un, ó tún fọmọ ṣaya fún un. Ṣé ọkùnrin yìí wu ọmọ náà ṣá? Ẹnikẹ́ni ò bi í. Agbárí yẹn ò bà wá lẹ́rù tó ibẹ̀.