A Kò Tíì Jẹ Èkuru Yìí Tán: Àríyànjiyàn Lórí Ilé Oúnjẹ Inú Ọjà

Àwọn àgbà ní a ní ká jẹ èkuru kó tán, ẹnì kan tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ rí láàárín wa. Bí ìpàdé bá parí, tí a ti sọ ti owó ẹgbẹ́, tí a ti sọ ti ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni yóò kù nílẹ̀: ta ló ṣì ń sè é bí ó ti yẹ, ta ló ti bà á jẹ́, kí ni a lè pè ní tiwa, kí sì ni a kò gbọdọ̀ pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ kan tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọjà kan ní London ti wá dá epo síná ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe adùn ọbẹ̀ ni a fẹ́ ṣe ìdájọ́ lé lórí níhìn-ín, nítorí ẹni tí kò tọ́ ọbẹ̀ wò kò lè sọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Àríyànjiyàn náà gan-an ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Kí a tó dé London, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa. Kò sí ìyàwó ilé kan láàárín wa tí kò mọ ọjà Oil Mill ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor. Ní Ọjọ́rú tí í ṣe ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ a há pinpin lójú ọ̀nà Aba, àwọn ènìyàn a sì ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìlú wá ra iṣu, ẹja, ẹ̀fọ́, epo àti aṣọ òkìríkà. Ẹni tí ebi bá pa níbẹ̀ kò níí pẹ́ gbọ́ òórùn bọ̀ọ̀lì, ibẹ̀ sì ni ìjà wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Èkó, ẹ̀pà ni a fi ń jẹ bọ̀ọ̀lì. Níbí, ẹja yíyan ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ epo pupa tó ta lẹ́nu dáadáa, tí wọ́n ti gé àlùbọ́sà àti ewé utazi sí. Àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé a ní wọ́n ti ba bọ̀ọ̀lì jẹ́. Ọmọ tí a bí síbí a sì máa fi ẹni tó ń fi ẹ̀pà jẹ bọ̀ọ̀lì ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ilé ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, àwọn ará ibí kò ba nǹkan kan jẹ́. Ìpanu ni bọ̀ọ̀lì lọ́dọ̀ wa, ohun tí ènìyàn ń jẹ lójú ọ̀nà kó tó dé ilé. Àwọn ará Port Harcourt sọ ọ́ di oúnjẹ àjẹyó, wọ́n fún un ní ọbẹ̀, wọ́n fún un ní ẹran inú omi, wọ́n sì fi àga sí i kí ènìyàn jókòó jẹ ẹ́. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ nínú ìlú yìí. Iṣẹ́ ọgbọ́n orí ni, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó fún àwọn ìyá tó ń fẹ́ iná rẹ̀ ní oyè kankan.

Irú iṣẹ́ ọgbọ́n orí bẹ́ẹ̀ ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní London. Brixton jẹ́ àdúgbò tí àwọn ará erékùṣù Caribbean tẹ̀dó sí lẹ́yìn ọdún 1948, tí àwọn ènìyàn láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wá darapọ̀ mọ́ wọn. Ọjà ibẹ̀ kò níí ṣàjèjì sí ẹni tó ń ná Oil Mill: iṣu wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ẹja wà, ata rodo wà. Ní ọdún 2019, Arábìnrin Adéjọkẹ́ Bákàrè, ẹni tó ní Yorùbá nínú ìdílé, tí wọ́n sì tọ́ dàgbà ní Kaduna, borí nínú ìdíje àwọn alásè tí wọ́n ṣe ní Brixton. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alásè. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀bùn ìdíje náà ni àyè láti dá ilé oúnjẹ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà, ó ṣí i sínú ọjà náà, ó sì pè é ní Chishuru, ọ̀rọ̀ Hausa fún ìdákẹ́rọ́rọ́ tó máa ń bá àwọn ènìyàn nígbà tí oúnjẹ bá dé iwájú wọn. Ó kúrò ní Brixton ní ọdún 2022, ó sì tún un ṣí ní ọdún 2023 ní Fitzrovia, láàárín gbùngbùn London. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìwé Michelin fún un ní ìràwọ̀ kan. Òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ìròyìn yìí dé, èrò wa pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ní ayẹyẹ ló yẹ kí a ṣe, nítorí òyìnbó ti fi òǹtẹ̀ lu oúnjẹ wa. Àwọn kejì ní oúnjẹ wa kọ́ nìyẹn rárá. Wọ́n ní àwo náà tóbi, oúnjẹ inú rẹ̀ kéré, owó rẹ̀ sì ga. Wọ́n ní kí ni ẹni tó ń jẹ́ Adéjọkẹ́ ń fi orúkọ Hausa ṣe? Èyí tó bí wọn nínú jù ni ti èkuru. Àwa mọ̀ pé ẹ̀wà ni èkuru: a ó bó o, a ó lọ̀ ọ́, a ó wé e sí ewé láìfi ata tàbí epo sí i, a ó sè é, a ó sì fi ata díndín jẹ ẹ́. Èkuru ti Chishuru, egúsí bàrà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì gbé irúgbìn elégédé tí wọ́n lọ̀ àti ọbẹ̀ ata rodo tì í. Àwọn kẹta ní kí a fi alásè sílẹ̀, pé ẹni tó dáná ló mọ ohun tó fẹ́ sè.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ àwọn kejì yẹ̀ wò, nítorí ẹ̀dùn ọkàn wọn ló jinlẹ̀ jù. Bí a bá ní ohun àtijọ́ nìkan ni tiwa, ọ̀pọ̀ oúnjẹ ni yóò kúrò lórí àwo wa. Ata rodo, àgbàdo, gbágùúdá àti tòmátì, láti Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti sọdá òkun wá, lẹ́yìn tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ òwò ní etíkun wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ń ṣe bọ̀ọ̀lì, Éṣíà ló ti wá. Ẹ̀pà tí a fi ń jẹ ẹ́, Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti wá. Àjèjì méjì tí ó pàdé ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn ni a wá ń pè ní ìṣẹ̀dálẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ̀wà àti egúsí, ọmọ onílẹ̀ ni àwọn méjèèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, ẹni tó fi egúsí rọ́pò ẹ̀wà nínú èkuru kò lọ yá nǹkan lọ́wọ́ òyìnbó. Inú ilé kan náà ló ti mú un.

Ẹ tún wo àkàrà. Àwọn baba àti ìyá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil gbé e dé ibẹ̀. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ dòní. Wọ́n ń dín in nínú epo pupa, wọ́n ń là á sí méjì, wọ́n sì ń fi vatapá àti edé sí i láàárín. Kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo. Síbẹ̀, ní òpin ọdún 2004, ìjọba Brazil ka iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Àkàrà yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sọnù.

Ti àwọn àkọ́kọ́ náà kò tọ̀nà tán. Ilé iṣẹ́ táyà mọ́tò ní ilẹ̀ Faransé ni Michelin. Ọdún 1900 ló kọ́kọ́ tẹ ìwé rẹ̀ jáde kí àwọn onímọ́tò lè máa rìnrìn àjò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìràwọ̀ ní ọdún 1926. Àwọn olùyẹ̀wò rẹ̀ a máa wọlé láìsọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n a sì san owó ohun tí wọ́n bá jẹ. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè sọ pé alásè kan mọ iṣẹ́, wọn kò lè sọ fún wa bóyá èkuru ni èkuru. Ẹni tó jẹ ẹ́ láti kékeré ló lè sọ ìyẹn. Bí a bá dúró dìgbà tí òyìnbó bá yìn ín kí a tó kà á sí, a ti gbé àwo wa fún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà kan láti mọ ìyàtọ̀ ni kí a fi Chishuru wé Ikoyi, ilé oúnjẹ mìíràn ní London tí Iré Hassan-Odukale àti Jeremy Chan dá sílẹ̀ ní ọdún 2017. Ìràwọ̀ méjì ni tirẹ̀ láti ọdún 2022. Orúkọ àdúgbò wa ní Èkó ló ń jẹ́, ó fi iyọ̀ èso rasberry sára dòdò, ó sì gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù jáde pẹ̀lú akàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà bínú sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín kò pè é ní oúnjẹ Nàìjíríà mọ́. Wọ́n ní èròjà àti ata láti ilẹ̀ wa ni àwọn fi ń dá tiwọn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ojú tí a fi ń wo àjèjì tó ra ọjà lọ́wọ́ wa ni kí a fi wò ó. Ẹni tó bá sì pe oúnjẹ rẹ̀ ní èkuru, ojú tí a fi ń wo ọmọ ilé ni a ó fi wò ó, ìbéèrè tí a ó bi í yóò sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè méjì ni a rò pé ó yẹ kí a máa bi alásè tó ń dá àrà. Ǹjẹ́ ó mọ bí wọ́n ti ń sè é tẹ́lẹ̀ kó tó yí i padà? Ǹjẹ́ ó pe oúnjẹ náà ní orúkọ rẹ̀, kí ẹni tó jẹ ẹ́ lè mọ ibi tó ti wá? Chishuru yege nínú méjèèjì. Kò pe èkuru ní kéèkì kó dákẹ́, èkuru ló kọ sí ìwé oúnjẹ rẹ̀. Ní ti orúkọ Hausa, àwa ló yẹ kó kọ́kọ́ yé. Kaduna ni wọ́n ti tọ́ obìnrin náà dàgbà, bí a ti ń tọ́ àwọn ọmọ tiwa ní Port Harcourt. Ọmọ tó bá dàgbà sí Kaduna yóò se oúnjẹ tó gbọ́ Hausa. Ọmọ tó bá dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ Oil Mill yóò se èyí tó gbọ́ Ikwerre. Ìyẹn kì í ṣe ìtìjú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn wá nínú ìtàn náà: ilé oúnjẹ yẹn kò sí nínú ọjà mọ́. Nígbà tó wà ní Brixton, ẹni tó wá ra iṣu lè rí i, kó yọjú wò ó, kó sì sọ pé èkuru ìyá òun kọ́ nìyí. Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni ẹnu tó ń tún ọbẹ̀ ṣe. A kò bá alásè wí, nítorí ẹni tó ń ṣòwò ní láti wá ibi tí owó wà. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ni oúnjẹ kò bá lè dé ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ mọ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò kù tí yóò máa ṣe ìdájọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ohun tí ọ̀rọ̀ yìí béèrè lọ́wọ́ wa kò pọ̀. Bí ìyá olóúnjẹ kan láàárín wa bá gbìyànjú ohun tuntun lọ́la, ẹ má ṣe kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀sín. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ tó sọ èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Bí àwọn ọmọ wa bá ń fi ẹja jẹ bọ̀ọ̀lì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ti ẹni tó ń bó ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ewé tí a fi ń wé èkuru, kí wọ́n sì mọ ìdí tí a kì í fi í po ata mọ́ ọn. Ọmọ tó bá mọ èyí lè lọ fi egúsí ṣe tirẹ̀ ní ibikíbi tó bá wù ú. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kò ní ohun tó máa yí padà.

Kí Elédùmarè má ṣe jẹ́ kí ebi wọ ilé wa, kí ó sì bù kún ọwọ́ àwọn tó ń dáná fún wa. Àmọ̀dún, àjọjẹ ni a ó jẹ o. Àṣẹ.