A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìjọba a máa kà á. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, láti nǹkan bí ọdún 1980, ọmọ kan ṣoṣo ni òfin fi àyè rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ìdílé. Ní 2016 ó di méjì, ní 2021 ó di mẹ́ta. Nítòsí wa, ìlànà tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 1988 dámọ̀ràn ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kọ̀ọ̀kan. Fún obìnrin ni o, kì í ṣe fún ọkùnrin: ẹni tí ó fẹ́ aya mẹ́ta lè bí méjìlá láì tàpá sí ìlànà náà.

Láìpẹ́ yìí, níbi ìkómọ kan ní Gbégamey, a tún gbọ́ Choices àti Wait for Me, orin méjì tí King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu jọ kọ ní 1989 fún ìpolongo ìfètò-sọ́mọ-bíbí. A gbóríyìn fún wọn. Obìnrin nìkan ni ìlànà náà ń ka ọmọ fún; ṣùgbọ́n nínú orin, ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n jọ ń sọ ọ́. Ní ti èyí, orin gbọ́n ju ìlànà lọ.

Ibi tí ó kù sí ni pé ohùn méjì kọ́ ni ó wà nínú ilé wa. Ìyá ọkọ ń retí ọmọkùnrin. Ìyálé ń wò. Àwọn ẹbí ń béèrè. Adùn gìtá bo ìjà yìí mọ́lẹ̀.

Òfin Faransé ti 1920 ka ìpolongo ohun tí ń dènà oyún léèwọ̀, a sì jogún rẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Òfin 2003-04 ti ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2003 ni ó pa á rẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tí ó sì fún tọkùnrin tobìnrin ní ẹ̀tọ́ láti pinnu fúnra wọn. Síbẹ̀, a mọ àwọn obìnrin tí ń fi káàdì abẹ́rẹ́ wọn pamọ́ sílé ọ̀rẹ́, kí ọkọ má baà rí i. Ẹ̀tọ́ wọn wà nínú ìwé. Kò tíì dé iyàrá.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn olórin wa pé kí wọ́n kọ orin tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ yóò ti sọ̀rọ̀ lójú ìyá ọkọ rẹ̀. Bí a kì í bá ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìyá ọmọ ni ọlọ́mọ àkọ́kọ́.