Ọ̀rọ̀ Wa Nídìí Ògiri

Fọ́máànù ni mí, àtúnṣe ilé àtijọ́ ni mo sì fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wa. Ilé tuntun kò lẹ́jọ́ púpọ̀. Bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé la ó ṣe kọ́ ọ. Ti ilé àtijọ́ yàtọ̀. Èèyàn ń gbé inú rẹ̀, kò sì sí ìwé kankan tó sọ ibi tí páìpù gbà nínú ògiri. Ọ̀rọ̀ ẹnu la fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń fi rọ́bà olómi gbé ìwọ̀n. Ẹnì kan á di orí kan mú mọ́ àmì tó wà ní pálọ̀, èkejì á gbé orí kejì wọ balùwẹ̀ lọ. Wọn ò rí ara wọn. “Gbé e sókè díẹ̀.” “Rọra!” “Ó ti dúró.” Ibi tí omi bá dúró sí ni wọn ó sàmì sí, ọgbọọgba sì ni àmì méjèèjì. Mo ní ẹ̀rọ oníná pupa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n rọ́bà ṣì ń wù mí, nítorí ó ń kọ́ ọmọṣẹ́ láti máa gbọ́ ara wọn.

Òṣùwọ̀n ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì ni àwa bíríkìlà fi ń sọ̀rọ̀: búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9, ìlẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 7. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ táìlì í tẹ́ lọ́dọ̀ wa sì wá láti Benin àti Togo, sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Bí mo bá ní kí ilẹ̀ balùwẹ̀ fi “méjì” rẹlẹ̀ sí ti yàrá, íǹṣì 2 ni mò ń wí, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ẹni tó ń tẹ́ táìlì bá gbọ́ sẹ̀ǹtímítà 2, omi ìwẹ̀ lè ya wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀ téèpù kan náà ló gbé òṣùwọ̀n méjèèjì! Èmi kì í bi oníṣẹ́ pé “Ṣé ó yé ọ?”, torí kò sẹ́ni tí yóò sọ pé kò yé òun. Mo máa ń ní kó fi ìka lé nọ́ńbà lórí téèpù, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà náà sára ògiri.

Àwọn onílé tó wà ní London náà ń kó tiwọn dé. Wọ́n á fi fọ́tò ilé ìdáná ránṣẹ́ lórí WhatsApp, káńtà rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 90. Ó dára, ṣùgbọ́n màmá tó ń gbénú ilé ń ro àmàlà, sítóòfù rẹ̀ yóò sì tún jókòó lórí káńtà yẹn. Èmi á ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú orógùn wá, kí ẹ dúró bí ẹni tó ń rokà.” Mo ń sàmì sí ibi ìgbọ̀nwọ́ wọn, mo ń ya fọ́tò rẹ̀, mo ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn. Àríyànjiyàn á parí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ ẹ̀yin onílé. Bí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà, ẹ má ṣe sọ ọ́ fún lébìrà tó ń po sìmẹ́ńtì. Kò lè kọ̀ fún yín, kò sì mọ̀ pé àwọn oníná kò tíì la ògiri náà kọjá. Ẹ pe fọ́máànù, kí ẹ jọ dúró síwájú ògiri náà.