Ẹjakẹ́ja: Bí A Ṣe Ka Ìwé Sipser ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́

Ìwé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kì í ṣe ìtàn àròsọ, kì í sì í ṣe ewì. Ìwé kíláàsì ni. Introduction to the Theory of Computation ni orúkọ rẹ̀, Michael Sipser, olùkọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, ló sì kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ló ti bá a pàdé, ì báà jẹ́ odidi ìwé, ì báà jẹ́ fótókọ́pì orí méjì tí lẹ́tà rẹ̀ ti ń parẹ́. Wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, torí kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi í kọ́ ló fún púpọ̀ nínú wọn ní káríófà.

Kí ló wá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá sójú ewé tí a ti ń jíròrò lítíréṣọ̀ Yorùbá? Ìdí ni pé ìwé ọ̀rọ̀ ni kó tó di ìwé ẹ̀rọ. Ìbéèrè kan ló ń yí po láti orí kìíní: bí a bá fún ẹ̀rọ kan ní ọ̀rọ̀, ṣé ó lè sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà wà nínú èdè báyìí tàbí kò sí níbẹ̀? Èdè gan-an ni wọ́n ń pè é nínú ìmọ̀ náà. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ èdè, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Àwa ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a jókòó ní kíláàsì. Ẹnu ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́ la ti gbọ́ ọ.

Àwa mẹ́ta la jọ kà á. Ìkòròdú ni òbí àwa méjì ń gbé, ẹnì kẹta wa jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́. Yunifásítì tí a lọ, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyí: olùkọ́ á kọ ìtumọ̀ sójú pátákó, a ó dà á kọ, á kọ òfin sábẹ́ rẹ̀, a ó dà á kọ, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Automaton jẹ́ nǹkan márùn-ún nínú àkámọ́: Q, Σ, δ, q0, F. A há a sórí bí ọmọdé ṣe ń há ìsọdipúpọ̀ sórí. Bí ẹ bá jí wa lóru, a ó kà á fún yín láìṣìṣe. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí la fẹ́ fi ṣe, ẹnu á wọhò.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2013, ASUU gùn lé ìyanṣẹ́lódì, ó sì di oṣù kejìlá kí wọ́n tó dá a dúró. Kálukú di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé lọ. Ọ̀kan nínú wa ti yá ìwé Sipser lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà tí kò sí ẹni tó ń kọ́ wa mọ́ la wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé tí wọ́n ti ń fi kọ́ wa.

Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé Sipser kì í ṣe bíi hándáòtù wa. Kó tó kọ ẹ̀rí kan, ó máa ń kọ́kọ́ sọ èrò tó wà nídìí rẹ̀ ní gbólóhùn lásán tí àmì ìṣirò ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ó dà bí àgbà tó ń júwe ọ̀nà: á kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ọjà lò ń lọ, kó tó wá ní kí o yà sọ́tùn-ún. Nínú hándáòtù wa, wọ́n ti gé gbogbo apá yẹn dànù, bóyá kí owó fótókọ́pì lè dín kù. Wọ́n da ẹran nù, wọ́n kó eegun fún wa. Ó yẹ ká yin òǹkọ̀wé náà fún èyí: nínú àwọn ìwé tí a fi kọ́ ìṣirò ní yunifásítì, òun ló bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kó yé wa.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni kò mọ́ wa lára. Ilẹ̀kùn ilé ìtajà ńlá, èyí tó ń dá ṣí tó ń dá tì, ló fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé automaton. Ní ọjà Sábó ní Ìkòròdú, ilẹ̀kùn wo? A fi kọ̀ndọ́ dáńfó Ìkòròdú sí Mile 12 rọ́pò rẹ̀. Kọ̀ndọ́ mọ̀ bóyá mọ́tò ṣì ní àyè tàbí ó ti kún. Bí èrò kan bá wọlé tàbí tó bọ́ sílẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ á yí padà. Ṣùgbọ́n iye èrò tó ti gbé láti àárọ̀, kò sí lórí rẹ̀. Automaton nìyẹn: ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, kò rántí gbogbo ibi tó ti gbà wá. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nídìí kọ́ọ̀sì náà.

Nígbà tó yá, a lọ sí Ẹ̀pẹ́ sọ́dọ̀ ìyá ẹnì kẹta wa. Ọjà ẹja Olúwo ni Ìyá ti ń tajà. A máa ń bá wọn ru apẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn náà la ó wá ibòji jókòó sí, ká máa kàwé. Ibẹ̀ la wà tí a fi dé orí kejì, níbi tí Sipser ti sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ní stack. Stack ò ju ohun tí à ń fọwọ́ ara wa ṣe láràárọ̀ lọ: apẹ̀rẹ̀ tí a tò léra. Èyí tí a gbé lé e kẹ́yìn la ó kọ́kọ́ gbé kúrò. Èyí tó wà nísàlẹ̀, àfi ká kó gbogbo tòkè kúrò ká tó fojú kàn án. Ìwé ní ẹ̀rọ yìí lágbára ju ti kọ̀ndọ́ lọ, àmọ́ èdè kan wà tí apá rẹ̀ ò lè ká láéláé: èdè tí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan, tí a tún ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí a ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́. Ww ni wọ́n ń kọ ọ́. Nígbà tí a sì ṣí orí kẹta, ẹ̀rọ Turing àkọ́kọ́ tí Sipser fi hàn wá, w#w ló ń yẹ̀ wò: ọ̀rọ̀ kan, àmì láàárín, ọ̀rọ̀ kan náà padà. A kà á, a ò rí ìdí rẹ̀. Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn?

Lọ́jọ́ kan, Ìyá ń bá ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà wí. Wọ́n ní, "Ṣé mo ní kí o máa gba ẹjakẹ́ja lọ́wọ́ apẹjakápẹja ni?" Ọ̀rẹ́ wa gbójú kúrò nínú ìwé. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí Màámi sọ. Ẹja, kí, ẹja. Apẹja, kí, apẹja. Ọ̀rọ̀, àmì, ọ̀rọ̀."

A wo ara wa. Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n jọ: ọmọkọ́mọ, ilékílé, ìwàkíwà, iṣẹ́kíṣẹ́, agbẹjọ́ròkágbẹjọ́rò. Kò sí ọjọ́ kan tí a kì í sọ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ wá wo bí apẹ̀rẹ̀ ṣe ń kùnà. Kó ẹja sórí stack ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ẹ nísàlẹ̀, j lórí rẹ̀, a lókè pátápátá. Ẹja kejì ń bọ̀, ẹ sì ni lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ló wà lókè. Kí ọwọ́ tó lè tó ẹ, a ti ju a àti j nù, kò sì sí ohun tí a ó fi wé wọn mọ́. Ẹ̀rọ Turing ní tirẹ̀ kì í to nǹkan léra. Ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀: á sàmì sí ẹ tibí, á kọjá kí, á sàmì sí ẹ tọ̀hún, á padà wá mú j. Ìyá sì ṣe é láàárín èémí kan, wọ́n tún ń kó ẹja sínú apẹ̀rẹ̀ lọ.

Èdè wa tún fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Fáwẹ̀lì kí máa ń pa rẹ̀, ohùn òkè rẹ̀ á wá bọ́ sórí fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí ìwà, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, fi di -kíwà nígbà kejì. Ẹ̀dà náà pé, ṣùgbọ́n ó ti yí ohùn díẹ̀. Ẹnì kan lè ní pé bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá níye, kọ̀ndọ́ gan-an lè há gbogbo wọn sórí. Òótọ́ ni. Àmọ́ wọn ò níye. Èdè ń bí ọ̀rọ̀ ọ̀tun lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó pààlà fún bí ọ̀rọ̀ ṣe lè gùn tó kó tó wọ inú kí.

Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó mọ̀ pé kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí irú nǹkan báyìí. Ní 1985, Christopher Culy kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èdè Bambara ní Mali, ó sì fi irú ọ̀rọ̀ àtúnsọ bẹ́ẹ̀ gan-an hàn pé context-free grammar, ìyẹn gírámà tí agbára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ní stack, kò lè gba èdè ènìyàn tán. Ní 2006, Gregory Kobele fi Yorùbá kún un nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní UCLA, lórí ìhun bíi "rírà tí Adé ra ẹja," níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti ń padà wá. Ní 2014, Akinadé àti Ọdẹ́jọbí ní Ifẹ̀ kọ gírámà fún òǹkà Yorùbá, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé 45 ni márùndínláàádọ́ta. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti wà nínú kọ́ọ̀sì yìí tipẹ́. Nínú ẹ̀dà ìwé tí a kà, a ò rí ìkankan nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ènìyàn tí Sipser fi ṣàpẹẹrẹ gírámà, ó sì fi w#w sílẹ̀ bí eré òdo àti ení. Àléébù tí a rí sí i nìyẹn: ó fún èdè ní orúkọ, kò fún un ní ẹnu.

Tí a bá sọ̀rọ̀ dé ibí láàárín àwọn ènìyàn wa, ẹnì kan á ní, "Ẹ ò wá sọ ti Ifá? Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́!" Wọ́n á ní Odù 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256, ojú mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ení tàbí èjì. Ìṣirò náà pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka Sipser dáadáa mọ̀ pé ohun tó bá ti níye, bó ti wù kó pọ̀ tó, ìsàlẹ̀ àkàbà ló wà. Kọ̀ndọ́ lè há 256 sórí. Ohun tó jinlẹ̀ nínú Ifá ni ẹsẹ rẹ̀, àti bí a ṣe ń mọ èyí tó kan ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó bá fi 256 yin Ifá, ibi tó fúyẹ́ jù lára rẹ̀ ló dì mú. Ẹjakẹ́ja tí a fi ń bú apẹja, òun ló gun àkàbà.

A wọlé padà ní 2014. Nígbà ìdánwò, wọ́n ní ká fi ẹ̀rí hàn pé ww kì í ṣe context-free. Àwa méjì kọ pumping lemma bó ṣe wà nínú hándáòtù, a yege. Ọ̀rẹ́ wa kọ apẹ̀rẹ̀ àti ẹja. Káríófà ni wọ́n fún un. Ó tún un ṣe ní ọdún kejì, ó tún ṣubú, ó sì fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ẹja dídì ló ń tà ní Ìkòròdú lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ohun tó kọ kì í ṣe ẹ̀rí. Àlàyé apẹ̀rẹ̀ fi hàn pé ọ̀nà kan dí. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí ọ̀nà rárá. Sipser fúnra rẹ̀ ya èrò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rí, kò sì ní fún un ní máàkì tó pé. Ṣùgbọ́n àwa tí a yege ńkọ́? Ẹ̀dà la kọ. Ọ̀rọ̀ kan wà lójú pátákó, ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú ìwé ìdáhùn wa, àmì kan sì wà láàárín: ọjọ́ ìdánwò. W#w ni wọ́n fi wá ṣe. Ẹni tó ní èrò láìní ẹ̀rí ṣubú, àwọn tó ní ẹ̀rí láìní èrò gba ìwé ẹ̀rí. Kíláàsì tó bá lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹjakẹ́ja, kó wá ti ibẹ̀ mú ọmọ dé pumping lemma, ìbá ti gba àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là. Ìwé ò sọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ èdè, tí a sì ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, a ò kọ ọ́ sílẹ̀ títí di òní. Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, à ń kọ ètò kan tó ń wá àṣìṣe àmì ohùn nínú ìwé Yorùbá. Ó dé orí ìwàkíwà, ó ní àṣìṣe ni, torí ìwà àkọ́kọ́ àti ìkejì ò bára mu. A pe ọ̀rẹ́ wa. Ó ń já ẹja lọ́wọ́, ariwo ọjà ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ohùn kí lẹ gbàgbé. Ẹ sọ fún un pé kó wo ohùn ìbẹ̀rẹ̀ kejì bíi gbèsè tí kí fi sílẹ̀." A ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó bi wá bóyá ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wa.

Ó wà. A ti fi ránṣẹ́ sí i.